Iwájú Orí Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Nígbà tí Mutmainnah kọ́kọ́ fojú kan Abdulqowiyy, aṣọ aláìsàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ là ló wà lọ́rùn ọ̀gbẹ́ni náà. Wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, iwájú orí rẹ̀ sì kún fún ojú ihò pupa wẹ́wẹ́, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ihò àgbàdo sí. Ó ń rọra jẹ búrẹ́dì aládìyẹ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fèrèsé, bí ẹni tó gbà pé adágún odò tó wà níta ló ń wo òun, kì í ṣe òun ló ń wò ó.

Ilé ìwòsàn irun ni, lókè téńté ilé gíga kan láàárín Chicago. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ àgbẹ̀ láti lóye: wọn a hú irun níbi tó pọ̀ sí lẹ́yìn orí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn a wá gbìn ín síwájú níbi tó ti ṣá. Bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, wọn a ní kí aláìsàn jáde wá jẹun. Bí àwọn méjì tí kò mọ ara wọn rí ṣe pàdé nínú yàrá ìjẹun kékeré nìyẹn, tí yìnyín ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níta, tí adágún sì nà lọ títí tó fi wọnú ojú ọ̀run. Àwọn méjèèjì ti gbé oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ mì láàárọ̀. Oògùn yẹn ti sọ gbogbo ayé di ohun tí èèyàn ń wò láti abẹ́ omi.

"Ẹ jọ̀ọ́," Mutmainnah bẹ̀rẹ̀, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń ké 'Yéè, ìyá mi ò!' nínú yàrá kejì lẹ́ẹ̀kan?"

Chicago ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ pé, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kó gun òkè. Létí Abdulqowiyy, kò sí orin tó dùn tó o.

"Abẹ́rẹ́ ni," ó dá a lóhùn. "Wọ́n ní bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹni ni. Mo fẹ́ mọ ìlú tí irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ ti wá."

"Mo rò pé ẹnì kan ń rọbí ni."

"Ẹ ò jìnnà sí òótọ́. Irun ni mo ń rọbí rẹ̀."

Mutmainnah rẹ́rìn-ín títí tí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò wọ́n.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a ṣàánú arákùnrin yìí díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan ní Schaumburg ló ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìwó ni irun iwájú rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ti fi omi àlùbọ́sà pa á, àwọn ará ibiṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fèrèsé. Ó ti ra àtíkè dúdú tí wọ́n máa ń gbọ̀n sórí kó lè dà bí irun. Òjò pa á lọ́jọ́ kan, àtíkè ṣàn wọ ojú, ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá tàdáwà ló ń sun lẹ́kún. Ìdí tó fi bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ nìyẹn. Ó sọ fún wọn níbiṣẹ́ pé òun lọ yọ eyín.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó bi Mutmainnah, tó fi fìlà búlúù ilé ìwòsàn àti ìborí bo orí rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. "Kí ni orí yín ṣe?"

"Ẹ̀bátí ni. Apá méjèèjì. Mo sọ fún Daddy mi pé mo lọ fún training ní Schaumburg."

"Schaumburg tí mo ń lọ lójoojúmọ́? Training tó wà níbẹ̀ ò ju bí wọ́n ṣe ń rìn káàkiri mall láìra nǹkan kan."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí yìnyín níta. Bóyá oògùn ni, bóyá ojú tó ń wò ó ni, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá mi kú nígbà tí mo kéré. Daddy mi ló ń di irun mi. Ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá kan ládùúgbò wa ní South Shore. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nígbà yẹn, torí náà ó máa ń fà á le gan-an, kó lè pẹ́. Dókítà ní ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú." Ó mi kanlẹ̀. "Tó bá gbọ́, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Kò gbọdọ̀ gbọ́ láé."

"Kò ní gbọ́ lẹ́nu mi."

"Oògùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín."

"Oògùn á lọ, ìlérí á kù. Búrẹ́dì aládìyẹ yìí ni ẹlẹ́rìí."

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti gbin tọ̀tún-tòsì tán, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wọn pa pọ̀: wọn ò gbọdọ̀ tẹ orí ba, iwájú orí wọn ò gbọdọ̀ kan ohunkóhun, ìjókòó ni kí wọ́n máa sùn, títí ojú ihò á fi san. Mutmainnah àti Abdulqowiyy wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì: ìforíkanlẹ̀ ńkọ́?

"Àga," ni Mutmainnah sọ jẹ́jẹ́. "Ọlọ́run mọ aláìsàn."

Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́. Àwọn èèyàn ni kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, iwájú orí wọn wú, wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ wá bo ojú, wọ́n sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́ síra wọn.

"O ti dà bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n fi joyè," Mutmainnah kọ ránṣẹ́. Báyìí ni 'ẹ' ṣe gba ẹnu ọ̀nà lọ láàárín wọn, tí 'o' sì wọlé.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ń kí olólùfẹ́ rẹ̀," Abdulqowiyy fèsì, lẹ́yìn náà ló ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì fẹ́ fi ìrọ̀rí bojú, kó tó rántí pé iwájú orí òun ò gbọdọ̀ kan ìrọ̀rí.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó dé fìlà gíga kan, ó lọ sí mọ́sálááṣí kan lápá gúúsù ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sórí àga lẹ́yìn láàárín àwọn arúgbó tí orúnkún ń dùn, ó ń fi ìjókòó kírun. Lẹ́yìn ìrun, bàbá kan kọjá níwájú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń fún ọmọdé láyè láti kí wọn.

Ẹ wo bí àṣà wa ṣe ṣàánú obìnrin níbi yìí: ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀, orí rẹ̀ á sì wà lókè. Ọkùnrin ló ní láti kó iwájú orí rẹ̀ fún ilẹ̀. Abdulqowiyy ronú kan ẹyọ irun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù bà á. Kò dìde, kò tẹ̀. "Ẹ káàsán, sà," ló wí, ọrùn rẹ̀ sì dúró gangan bí ti ẹni tó ru ìkòkò omi.

Bàbá náà wò ó, ó sì kọjá. Alhaji Tàjùdéèn Akíndúró ni, bàbá Mutmainnah.

Kò pẹ́ púpọ̀, gbogbo irun tí wọ́n gbìn gbọ̀n dànù. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò gbọ̀n kó tó tún hù, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ọ̀rọ̀ dókítà níwájú dígí?

"Mo ti padà di apárí," Abdulqowiyy sọ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ bí ti ọmọ òrukàn. "Ṣé wàá ṣì máa gbé ìpè mi?"

"Kí n tó rí orí rẹ, ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ohùn kì í pá."

Látọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí eré. Nígbà tí igi tún rúwé, wọ́n ń rìn lábẹ́ ìbòòji wọn ní Oak Park, níbi tí Mutmainnah ń gbé, tó sì ti ń kọ́ àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ bí wọ́n á ṣe tún rìn. Nígbà ooru, wọ́n ń jókòó sétí adágún, omi ń pọ́n èbúté lá, wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn, síbẹ̀ òjìji wọn a máa gùn pa pọ̀ lórí iyanrìn. Irun Abdulqowiyy hù, ó dúdú, ó kún. Ó yani lẹ́nu pé kò rántí láti máa wò ó mọ́.

Wọ́n lọ rí Alhaji nígbà tí òtútù tún bẹ̀rẹ̀. Abdulqowiyy wọlé, ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀ gbìì.

"Dìde kí n rí ojú rẹ," ni Alhaji wí. Ó wò ó títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ìwọ kọ́ ni ọmọ orí àga?"

"Sà?"

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nígbà yìnyín. Egungun rẹ le koko, o jókòó ti àwọn arúgbó, o ò forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo kọjá, o ò tẹ ọrùn fún mi. Lónìí tí o wá tọrọ ọmọ, ẹ̀yìn rẹ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Kí ló ṣe ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Ìdáhùn rọrùn. Ṣùgbọ́n Mutmainnah ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé ilé ìwòsàn kan ni òun ti pàdé ọmọkùnrin yìí, nígbà yìnyín yẹn gan-an. Bí Abdulqowiyy bá ní irun ni òun lọ gbìn, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ni Mutmainnah lọ ṣe níbẹ̀. Lára ìka Alhaji fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn ìyẹn wà.

Abdulqowiyy wo Mutmainnah. Ó rí ẹ̀rù lójú rẹ̀.

"Mi ò lè sọ, sà. Ẹ má bínú sí mi."

"Ẹni tí kò lè sọ ìdí tó fi gbéraga níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ṣé ọmọ mi ló máa wá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún? Máa lọ sílé rẹ ní àlàáfíà."

Báyìí ni ọkùnrin tó gbé iwájú orí rẹ̀ bí ẹyin láti yìnyín dé ooru ṣe gbà kí wọ́n pè é ní agbéraga, tó wọ bàtà rẹ̀, tó jáde. Mutmainnah sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o ò sọ tìẹ?"

"Tèmi ò ṣeé sọ láìsọ tìrẹ. Mo ti ṣèlérí, ayọ̀ mi. Búrẹ́dì aládìyẹ jẹ́rìí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó tú ìborí. Ó mú ọwọ́ Alhaji, ó gbé ìka rẹ̀ lé ẹ̀bátí rẹ̀, níbi tí irun kékeré rírọ̀ ti ń hù.

"Daddy, ẹ fọwọ́ kàn án. Gbígbìn ni. Ibẹ̀ ti pá, mo ń fi ìborí bò ó fún yín. Ibẹ̀ ni èmi àti Qowiyy ti pàdé. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ forí kan ilẹ̀, ìdí tó fi jókòó lórí àga nìyẹn. Kò sọ fún yín torí mo bẹ̀ ẹ́ pé ẹ ò gbọdọ̀ mọ ohun tó fà á."

Kò dárúkọ ohun tó fà á. Ìka bàbá mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹnu lọ.

"O máa ń sunkún," ni Alhaji wí. "Mo sì máa ń ní kí o mú orí dúró jẹ́ẹ́."

"Mo kéré ni, Daddy."

"Mo bẹ̀rù pé tí mo bá dì í dẹ̀, wọ́n á wò ọ́ ní school, wọ́n á ní ọmọ tí kò níyàá ni."

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sọ́jọ́ kan."

Alhaji nu ojú rẹ̀. "Ọmọkùnrin yẹn sì jẹ́ kí n bú òun nítorí tèmi?" Ó dìde, kò dé fìlà, kò wá bàtà. Sálúbàtà tó fi ń rìn nínú ilé ló wọ̀ jáde, orí rẹ̀ tó pá ń dán lábẹ́ yìnyín àkọ́rọ̀.

Abdulqowiyy wà níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dúró láàárín títì, ó ń wo òpin ojú irin bí ẹni tó ń wo àlá rẹ̀ tó ń lọ. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó yíjú, ó rí Alhaji, ó sì nà sínú yìnyín níbẹ̀, àyà lẹ́lẹ̀, iwájú orí lẹ́lẹ̀.

"Ilẹ̀ tutù!" Alhaji ké. "Irun rẹ ńkọ́?"

"Ó ti fi gbòǹgbò múlẹ̀, sà."

Ẹ̀rín pa Alhaji. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn yìnyín kúrò ní iwájú orí ọmọkùnrin náà. "Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run tí o fi ìjókòó kí, Ó mọ̀ jù mí lọ."

Wọ́n so yìgì wọn nígbà tí yìnyín yọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Abdulqowiyy pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Lónìí ni màá rí irun yẹn. Láti ọjọ́ tí a ti pàdé, mi ò tíì rí ẹyọ kan."

"Ní sùúrù. Wọ́n ń dì í lọ́wọ́."

"Ta ló ń dì í?"

Mutmainnah gbé fóònù sílẹ̀. Ó jókòó sórí ìrọ̀rí nílẹ̀ bí ìgbà kékeré, láàárín orúnkún méjì. Oòrùn ń ti ọ̀nà adágún wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ìka àgbà ń pín irun, ó ń rọra fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan, kò yára.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?" Alhaji bi í.

"Rárá, Daddy."

"Tó bá dùn ọ́, sọ fún mi."