Ẹni Tó Kó Wọn Lọ Wo Omi

Kúbúrátù ń bu ẹja sínú àwo ìyá rẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Milton, ní Kánádà, ló ń ké pé ẹnìkan ń ṣílẹ̀kùn. Ó wò ó. Bọ̀dá Luqman ni, ẹni tó wa ọkọ̀ gbé wọn wá sí Niagara Falls láàárọ̀ yẹn. Kọ́kọ́rọ́ Kúbúrátù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdílé mẹ́ta ni Luqman kó wá, ará mọ́ṣáláṣí kan náà ni gbogbo wọn. Ó mú wọn wo omi ńlá tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ó mú wọn gba iwájú ilé tẹ́tẹ́ kọjá, Àlhájà, ìyá Kúbúrátù tó wá kí i láti Ìbàdàn, sì ń bèèrè pé ọba wo ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé oúnjẹ, Luqman ní wọn kì í gbé báàgì wọlé.

"Ẹ fi sínú ọkọ̀. Màá máa ṣọ́ ọ. Tó bá di aago márùn-ún, màá wá gbé yín. Ẹ rọra jẹun o."

Kúbúrátù tẹ ibi tí wọ́n ń gbà bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀.

"Bọ̀dá Luqman! Kí lẹ ń wá nílé mi?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Kò tilẹ̀ sá. "Hábà, Kúbúrátù! Ẹ ò tíì jẹun tán ni?" Ó na ọwọ́, ó já kámẹ́rà náà lulẹ̀.

Kí ló fẹ́ ṣe? Ilé jìn, kò sí ọkọ̀. Pásípọ́ọ̀tù ìyá rẹ̀ àti oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olè. Ó pe ọlọ́pàá. Kí wọ́n tó dé Milton, Luqman ti lọ.

"Nọ́mbà ọkọ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ọlọ́pàá bi í lórí fóònù.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ibo ló ń gbé?"

"Mi ò mọ̀. Mọ́ṣáláṣí la ti pàdé."

Àlàmú, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wá, tó ń gbé ní Pickering, fò dìde. "Kọ́kọ́rọ́ tèmi náà wà nínú báàgì! Gbogbo wa la kọ àdírẹ́sì fún un!"

Ọlọ́pàá sáré lọ sí Pickering. Luqman rí ọkọ̀ wọn lókèèrè, ó yí orí ọkọ̀ padà, ó sì bọ́ sójú òpópónà márosẹ̀ 401. Ilé Aishah, ìdílé kẹta, ní Bowmanville ló kù. Aishah kàn gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún. Àwọn òṣìṣẹ́ ń palẹ̀ àwo mọ́. Òùngbẹ ń gbẹ Àlhájà ṣáá, ó sì rẹ̀ ẹ́, torí kò rí oògùn rẹ̀ lò, títí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi dé láti tọ́jú rẹ̀.

Ní Bowmanville, àwọn ọlọ́pàá gbé ọkọ̀ wọn pamọ́, wọ́n sì lúgọ sẹ́yìn ilé. Bí Luqman ṣe ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn báyìí, wọ́n gbá a lọ́wọ́ mú.

Lọ́jọ́ kejì, ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ka ìbéèrè tí wọ́n bi Luqman àti ohun tó jẹ́wọ́ sétí ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ilé tí èèyàn bá wà ló ṣòroó kó. Mo kó wọn jáde, ó parí."

Wọ́n dá ẹrù kálukú padà fún un. Àlhájà fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wí pé "Alhamdulillahi." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú Luqman kọjá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó tẹrí ba.

"Ẹ káàsán, Àlhájà."

"Káàsán, ọmọ mi," ni ìyá arúgbó náà dáhùn, kó tó rántí ẹni tó ń kí òun.