Ọ̀pá Bàbà Tó Kọ̀ Láti Nà

Ọkùnrin tó wọ ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà náà ò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi mú ọ̀pá bàbà tó nípọn bí ìka, tó sì tẹ̀ ẹ́ láàárín bí ẹni tẹ koríko. Ọmọbìnrin tó ń lu bàbà níbẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Látàárọ̀ lòun àti ìyá rẹ̀, tó ni ilé iṣẹ́, ti ń fi iná mú ọ̀pá yẹn rọ̀ fún oníbàárà.

"Ẹ tún un nà," ni ọmọbìnrin náà wí.

Ọkùnrin náà fà á, ó forúnkún tì í, òógùn bò ó. Ibi tó tẹ̀ kò mira. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló tún ń tẹ̀. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo inú irin, òun ò fọwọ́ tẹ ọ̀kan rí. Ìyá gbé ọ̀pá wíwọ́ náà kọ́ ògiri, ó sì sọ ọkùnrin náà ní Tẹ̀-ẹ́-wò.

Tẹ̀-ẹ́-wò kò yéé wá. Ó ṣàlàyé fún ọmọbìnrin náà pé àwọn èérún inú bàbà tò bíi bíríkì, àmọ́ àbùkù wà láàárín ìlà rẹ̀. Tá a bá tẹ̀ ẹ́, àbùkù á máa sáré, á máa pọ̀ sí i, títí wọn á fi kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, tí wọn á tò bí ọgbà tí ẹnì kan ò lè kọjá. Ìdí nìyẹn tí bàbà fi ń le.

"Tí kò bá lábùkù rárá ńkọ́?"

"Ọwọ́ èèyàn ò ní lè tẹ̀ ẹ́. Àbùkù ló ń jẹ́ kó gbọ́ràn."

Ọmọbìnrin náà gbé òòlù sílẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bá àbùkù jà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń nu àga kí ọkùnrin náà tó dé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyá pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara àwọn, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó ba ọjà òun jẹ́ kó tó kí òun, ọmọ òun ló fẹ́ tẹ̀ báyìí. Ó já ọ̀pá wíwọ́ náà sílẹ̀ lára ògiri: kí Tẹ̀-ẹ́-wò fọwọ́ nà án níṣojú òun. Tí òòlù bá kàn án, kó gbàgbé ìyàwó. Ọmọ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ lanu.

Ọmọ náà di aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mú gírígírí. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ fa ọ̀pá náà wò.

"Ìyá, agbára mi ò ká a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi níná."

Ó fi í síná títí ó fi pọ́n, ó rì í bọ omi, ó wá na orí kan sí ọmọbìnrin náà. "Olólùfẹ́, bá mi dì í mú." Wọ́n jọ fà á. Iná ti tú ọgbà àbùkù inú rẹ̀ ká; ọ̀pá nà bí okùn.

Ìyá dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Oṣù mẹ́fà ni mo fi wo ọwọ́ ọmọ yín, mà. Ẹ rò pé awò nìkan ni mò ń wò."

Ìyá fọwọ́ ra ibi tó ti tẹ̀. "Àpá ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Ìyá gbé ayùn fún ọmọ rẹ̀. "Ẹ gé e. Á tó òrùka méjì. Ibi àpá yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ti gé e."