Yìgì Iwájú Kámẹ́rà

Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga Afusat, ó di bàtà ọmọdé kan mọ́ àyà, ó sì ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún aláriwo. Omi ń dà lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n funfun, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi àtàǹpàkò nu eruku ara bàtà náà díẹ̀díẹ̀.

Àga rẹ̀ ni Afusat wá kó. Ikate ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, níbi tó ti ń yá àwọn eléré ní àga àti tábìlì, ilé tí wọ́n ti ń ya fíìmù lọ́jọ́ náà kò sì jìnnà síbẹ̀, nínú ẹ́sítéètì kan ní Lekki. Ó kúkú mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe bá bàbá yìí, gbogbo ohun tó mọ̀ fò lọ. Ó gbé ike omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba iwájú kámẹ́rà kọjá, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ mu omi díẹ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Wàhálà wo nìyí?" Olùdarí eré fò dìde bí ẹni tí oyin ta. "Ta ló jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí wọlé?"

Bàbá náà gba omi, ó mu ún tán, ó wá rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ pé, ó sì funfun. "Ọ̀gá, ẹ má bú u. Òun nìkan ló ṣàánú mi láti àárọ̀." Ó yí sí Afusat, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí o."

Ojú ti Afusat débi pé ó sá jáde láìmú àga kankan. Nírọ̀lẹ́, òṣèré náà, Ràṣídì, fúnra rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé àga náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, láìsí irùngbọ̀n lójú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ojú kì í rí arẹwà kó má kí i. Ràṣídì kí arẹwà títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

Bóyá ẹ̀yin náà mọ Ràṣídì, kẹ́ ẹ má mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni bàbá ìyàwó, òun ni mẹ́gáàdì, òun ni ọlọ́pàá tó ń gba rìbá, òun ni àbúrò ọba tó ń dìtẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an lẹ́nu iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ wọn kò gbé àwòrán rẹ̀ síwájú pósítà rí, ìyẹn sì máa ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí nínú. Nígbà kan, wọ́n ní kó ṣe bíríkìlà tí kò ní sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Ó lọ bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ ní Lakowe, ó ru búlọ́ọ̀kù títí èjìká rẹ̀ fi bó. Nígbà tí fíìmù náà jáde, olórí òṣèré sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó rántí. Bí Ràṣídì ṣe nu sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ kó tó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ inú eré ni gbogbo èèyàn ń sọ. Fíìmù tí kò bá sí i nínú rẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Afusat ń pè é ní "Bàbá mi" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ń fi oríkì pè é, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n á jọ máa rìn létí òkun ní Ikate nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ rọra rìn o, kí orúnkún má lọ dùn yín."

"Tó bá dùn mí, Àbẹ̀kẹ́, ṣé o máa pọ̀n mí?"

"Màá pe kẹ̀kẹ́ fún yín."

Kí ọdún tó yípo, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ó kù kí Ràṣídì lọ rí bàbá Afusat, Alfa Yísà, ní Ajah. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́.

Alfa kì í wo fíìmù. Ṣùgbọ́n ó ń kọjá lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí Ràṣídì nínú tẹlifíṣọ̀n, nínú aṣọ ńlá, níwájú àwọn alfa, tí wọ́n ń so yìgì òun àti òṣèrébìnrin kan. Ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí Ràṣídì fi dáhùn. Ó pe Afusat jókòó.

"Kò sí àwàdà nínú ọ̀rọ̀ yìgì. Ànábì wa ti sọ ọ́: ẹni tó fi ṣeré, ó ti ṣe é lóòótọ́. Tí ọkùnrin yẹn bá dé, màá bi í bóyá ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á. N kò lè fa ọmọ mi fún ẹni tí yìgì mìíràn wà lọ́rùn rẹ̀."

Afusat sáré lọ bá Ràṣídì. "Ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ní ẹ kàn mi orí ni. Gbogbo Nàìjíríà lẹ ti fi eré tàn, ẹ wá tan bàbá kan ṣoṣo nítorí mi."

Ràṣídì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àbẹ̀kẹ́, àwọn tó ń wò mí mọ̀ pé eré ni. Bàbá rẹ kò ní mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe eré mọ́, irọ́ ni."

"Tí wọ́n bá wá kọ̀ yín ńkọ́?"

"Màá sunkún. Ẹkún tòótọ́."

Afusat kò rẹ́rìn-ín. Inú bí i sí òtítọ́ rẹ̀ yẹn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí òtítọ́ kan náà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé láìdágbére.

Nígbà tí Ràṣídì dé Ajah, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Afusat wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbàdúrà kí ọkùnrin yìí ṣeré lẹ́ẹ̀kan péré fún òun.

"Ṣé o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́?" Alfa bi í.

"Mo sọ ọ́, Bàbá. Mo ní mo gbà á. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí lè gba Afusat kúrò lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi irọ́ fẹ́ ẹ."

Alfa ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Ṣé bàbá ọmọbìnrin inú eré náà wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ta ló wá fà á fún ọ?"

"Ẹni tó ń bá wa tan iná ni, sà. Òun ni wọ́n ní kó ṣe bàbá ìyàwó. Ọmọ Kàlàbá ni. Kò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá."

Ètè Alfa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbìyànjú láti pa ẹ̀rín náà mọ́ra, kò lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi já bọ́.

"Ràṣídì, dìde. Yìgì tí bàbá ìyàwó kò mọ̀ sí, kì í ṣe yìgì. Mo ti bi àwọn àgbà wa kí o tó dé. Mo mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ ni n kò mọ̀. Èèyàn tó lè purọ́ dáadáa báyìí nínú tẹlifíṣọ̀n, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa purọ́ fún mi." Ojú rẹ̀ wá le díẹ̀. "Má fi ẹnu rẹ sọ ọ́ nínú eré mọ́ o."

"N kò ní sọ ọ́ mọ́, Bàbá."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Afusat ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Mọ́ṣáláṣí Alfa ní Ajah ni wọ́n ti so yìgì wọn. Wọ́n ka sàdáàkì, owó orí ìyàwó, Alfa fúnra rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bi Ràṣídì bóyá ó gbà á. Ràṣídì la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkùnrin tó lè há odindi eré sórí láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ kọ gbólóhùn kan. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn.

"A ò kánjú, ọmọ mi," Alfa ní.

Ohùn kan jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. "Bàbá mi, ẹ dáhùn o, a ń retí yín."

Ẹ̀rín sọ. Ràṣídì náà rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín náà. "Mo gbà á," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ha, kò dún tó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ìlà kejì àwọn tó jókòó. Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọn ì bá ti ní kó tún un ṣe. Níbí, kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ.