Iyọ̀ Abọ́dẹrìn àti Oko Àsàmáù

Ọbẹ̀ tí Mọ́júbọ́lá sè lọ́jọ́ náà dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Hámzàt, ọkọ rẹ̀, ti oko iṣu dé, ó fọ ẹsẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Òkè-Ìrókò, àdúgbò kan ní Ọ̀kà. Ó bu òkèlè iyán, ó tì í bọ inú ọbẹ̀, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló wá wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Àsíátù, níbo lo ti rí iyọ̀?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ayé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa ni, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń ru iyọ̀ wá sí ọjà Ìkàrẹ́, omi eérú ni ọ̀pọ̀ ilé sì fi ń tan ọbẹ̀ wọn jẹ. Ilé tó bá ní iyọ̀ gidi, aládùúgbò á gbọ́.

"Abọ́dẹrìn ló fi ránṣẹ́," Mọ́júbọ́lá dáhùn. "Igbá kéékèèké, ilé kan, igbá kan. Ó ní kí n kí yín."

Hámzàt dá òkèlè kejì dúró lọ́wọ́. "Kí ló dé tí ìwọ ò bi mí kí o tó gbà á?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Àsíátù? Ṣé ẹ bi mí kí ẹ tó gbé e mì?"

Hámzàt jẹ oúnjẹ náà tán, nítorí iyán kò mọ̀ pé ènìyàn ń ronú.

Ohun tó ń rò nìyí. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti pàṣẹ pé kí Òkè-Ìrókò mú ẹnìkan wá tí yóò máa jókòó dájọ́ ní kóòtù tuntun. Ẹni méjì ló jáde. Ọ̀kan ni Abọ́dẹrìn, oníṣòwò iyọ̀ àti aṣọ. Èkejì ni Kareem, àgbẹ̀ bíi tiwọn, ẹni tí gbogbo àdúgbò máa ń pè tí ìjà ààlà bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́. Baálé ilé kọ̀ọ̀kan yóò tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, akọ̀wé kóòtù yóò sì ka orí.

Nílẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tó bá jẹ iyọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí i. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Abọ́dẹrìn náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbé iyọ̀ fún àwọn ọkùnrin, tí wọ́n lè kọ̀ ọ́. Inú ìkòkò àwọn ìyàwó ló gbà, kí àwọn ọkọ lè ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Ọgbọ́n burúkú ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Abọ́dẹrìn fúnra rẹ̀ yà kí Hámzàt. Ó jókòó bí ẹbí, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè iṣu.

"Mo gbọ́ pé ọbẹ̀ dùn," ó ní.

"Ó dùn, ẹ ṣeun."

"Owó orí ti fẹ́ dé o. Akódà tó ń gbà á kò sì mọ ẹni tí kò rí owó san." Ó fi ṣílè méjì sí àtẹ́lẹwọ́ Hámzàt, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á dé. "Fi èyí kún tìrẹ."

Ó yẹ kí Hámzàt sọ pé rárá. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹjọ́ àbúrò mi ńkọ́?"

Àsàmáù ni àbúrò rẹ̀, opó ni, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Oko kan ṣoṣo ló ní, èyí tí bàbá òun àti Hámzàt fún un kó tó kú. Yẹ̀kínì tí oko rẹ̀ bá ti Àsàmáù pààlà ti wọ inú oko náà, ó ní tòun ni. Ẹjọ́ wọn yóò wà lára èyí tí kóòtù tuntun yóò kọ́kọ́ gbọ́.

"Àbúrò rẹ?" Abọ́dẹrìn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé àjèjì ni mo jẹ́ sí yín ni? Jẹ́ kí n dé orí àga ná."

Nígbà tí ìtòlẹ́yìn ku ọ̀la, Àsàmáù gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá. Ọjà Ìkàrẹ́ ló ń lọ, yóò sùn síbẹ̀, epo sì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Kareem ni o," ó ní. "Ìṣojú ẹ̀ ni bàbá ṣe gbin pèrègún sí ààlà wa. Bó bá jókòó níbẹ̀, kò lè sọ pé òun ò mọ̀."

"Máa lọ," Hámzàt dá a lóhùn. "Ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ mi."

Ní ti ọwọ́, òótọ́ ló sọ. Ṣílè méjì wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo baálé pé jọ sí gbangba. Ajẹ́lẹ̀ jókòó, akọ̀wé dúró pẹ̀lú ìwé. Kareem dúró lápá kan, ó wọ ẹ̀wù oko rẹ̀ tó mọ́ jù. Abọ́dẹrìn dúró lápá kejì. Hámzàt rìn lọ sẹ́yìn Abọ́dẹrìn. Nígbà tó ń kọjá níwájú Kareem, Kareem kí i, ó béèrè Àsàmáù lọ́wọ́ rẹ̀. Hámzàt ní ara rẹ̀ le, ó sì tẹ ojú mọ́lẹ̀ títí tí wọ́n fi ka orí tán.

Ẹni mẹ́ta péré ni Abọ́dẹrìn fi borí.

Oṣù kejì ni wọ́n pe ẹjọ́ Àsàmáù. Ó fi ọwọ́ júwe ibi tí pèrègún wà, ó pe Kareem ní ẹlẹ́rìí, Kareem sì sọ ohun tó fojú rí. Abọ́dẹrìn gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní pèrègún kì í sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè gbìn ín. Àwọn adájọ́ tí àdúgbò yòókù yàn, tí wọ́n jọ jókòó, ní ẹni tó ni àdúgbò ló mọ ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n gbé oko náà fún Yẹ̀kínì pẹ̀lú iṣu tó wà nínú ebè.

Hámzàt gba ilé Abọ́dẹrìn lọ tààrà.

"Ẹ ṣèlérí fún mi," ó ní.

Abọ́dẹrìn kò bínú. Ìyẹn ló dun Hámzàt jù. "Jókòó, Hámzàt. Bí o bá ra iṣu lọ́jà, tí o san owó ẹ̀, ṣé o tún jẹ ẹni tó tà á ní gbèsè?"

"Rárá."

"Mo ra tìrẹ, mo sì sanwó. Kò sí nǹkan kan láàárín wa mọ́. Àwọn tó yá mi lówó tí mo fi ra iyọ̀, àwọn yẹn ni mo jẹ ní gbèsè. Yẹ̀kínì sì wà nínú wọn."

Èmi tí mo ń kọ èyí, ojú tì mí fún Hámzàt nígbà tí mo dé ibẹ̀. Bí ẹnìkan bá bú ọ, o lè bú u padà. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ fi dá ẹni tó sọ òótọ́ lóhùn?

Ọjọ́ kejì ni Hámzàt rìn lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ Àlùfáà Suleiman tó kọ́ ọ ní kéú. Ó ro gbogbo rẹ̀, ó sì fi iyọ̀ ṣe ìparí. "Mo ti jẹ iyọ̀ ẹ̀, Àlùfáà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kẹ̀yìn sí i?"

Àlùfáà ní, "Iyọ̀ tí ènìyàn fún ọ torí pé o jẹ́ ènìyàn, òun la kì í dà. Èyí tó fún ọ torí ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Kò de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbà á, ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni láti mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ."

"Ẹsẹ̀ mi ṣáà ni mo fi tò, Àlùfáà."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo Òkè-Ìrókò ni Abọ́dẹrìn ń dájọ́ fún. Àmánà ni ohun tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ kí o bá wọn pa mọ́, o lọ tà á. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ká ní iyọ̀ nìkan ni, tí kò sí ṣílè, ṣé wàá tò síbẹ̀?"

Hámzàt wo ilẹ̀.

"N kò ní tò síbẹ̀. Iyọ̀ ni mo fi bojú."

"Ó dára tí o sọ ọ́. Ajẹ́lẹ̀ lè tún ẹjọ́ kóòtù yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tí yóò jẹ́rìí pé wọ́n ra ìjókòó yẹn. Ẹni tó gbà nínú rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Kí o tó débẹ̀, ẹnìkan wà nílé tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."

Hámzàt bá Àsàmáù lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn. Ó sọ fún un lórí ìdúró, nítorí kò rò pé ó yẹ kóun jókòó. Àsàmáù kò gbé ojú sókè.

"Ṣílè mélòó?" ó béèrè.

"Méjì."

Ó ṣa ẹyìn bíi mélòó kan sí i.

"Ẹ ò bá ti bi mí, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Mo ní ṣílè méjì."

Hámzàt lọ bá Ajẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́rìí ara rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí wọn yóò fi yọ Abọ́dẹrìn, ọdún méjì ti kọjá. Yẹ̀kínì ti wa iṣu ẹ̀ẹ̀mejì níbẹ̀, Àsàmáù sì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Arigidi, ó ń bá àwọn ará ibẹ̀ fọ́ èkùrọ́ kí òun àti àwọn ọmọ lè jẹun.

Àròsọ ni ìtàn yìí, a kò fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ Abọ́dẹrìn tiyín. Ìrẹsì ló ń gbé wá báyìí, tàbí aṣọ, tàbí kó ní kí ẹ mú nọ́ńbà báńkì wá. Ẹ má gbà á. Bí ó bá ti wọ ìkòkò yín kí ẹ tó mọ̀, kò dè yín. Ìkọ̀kọ̀ lẹ ó ti tẹ ìka, ẹ dìbò fún ẹni tí ẹ mọ ìwà rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa mú ẹni tó ń ra ìbò, ó mú ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá rí wọn nídìí rẹ̀, ẹ fi tó àwọn agbófinró létí. Kí ẹ sì tún bi ara yín pé níbo ni ẹni tó ń pín owó ti rí i, àti pé lára ta ni yóò ti gbà á padà. Yóò gbà á padà. Ẹni tí yóò san án kì í sábà sí nílé lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.