Ìwé Ìdílé Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Ẹ̀yìn ni Túnmiṣe pọn kọ̀ǹpútà sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan Ezekiel. Ọlọ́kadà tó gbé e láti Ìjerò ti já a sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, ó ní alùpùpù òun kò lè fa èèyàn àti irin gun Ẹ̀fọ̀n pọ̀. Ni Túnmiṣe bá tú ìpèlé rẹ̀, ó fi gbá ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń gun òkè lọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ọkùnrin kan jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ewú díẹ̀ ti ta sí irùngbọ̀n rẹ̀. Bó ṣe rí Túnmiṣe, ó dìde.

"Ẹ kú ọmọ lẹ́yìn o. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Àgbàlagbà ni," ni Túnmiṣe fèsì, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ, ẹ gbà á."

Ezekiel bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó rọra gba ẹ̀rọ náà bí ẹni ń gba ọmọ tó ń sùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rọra ṣe nǹkan kan fún Túnmiṣe. Ara rẹ̀ gbà á, ojú sì tì í pé ara òun gbà á.

Ká má parọ́, ó ti rẹ obìnrin náà. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìjerò. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà, ti kú, ìrántí ọdún kan sì ń bọ̀. Àwọn ẹbí fẹ́ tẹ ìwé ìdílé tí Tíṣà fi ọdún mẹ́wàá kọ: ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ agbo ilé wọn dó. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí nìkan ni ìwé náà wà, kò sì ṣí. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní Àràmọkọ ní kó lọ tà á fún àwọn tó ń ra irin.

Ezekiel so ó mọ́ ojú ẹ̀rọ kan tó ní, ó tan án. Ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, àkójọ fáìlì sì yọ jáde lójijì.

"Ẹni tó ń dà yín láàmú rèé," ló wí. "Ètò kékeré kan ni. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, á wọ inú mẹ́mórì lọ jókòó, kò ní yọjú títí ẹ ó fi pè é. Òun ni Bàbá fi ń to fáìlì. Ṣùgbọ́n ìwé Bàbá tóbi. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, kò ní rí ibi jókòó, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń dákú."

"Ẹ lé e jáde nígbà náà."

"Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ètò yìí kan náà ni Bàbá fi ti ìwé pa. Bó bá wà nínú ilé, àyè ò sí. Bí kò bá sí nínú ilé, ìlẹ̀kùn ò ní ṣí. Àfi kó ṣílẹ̀kùn tán, kó wá jáde, láìpa ẹ̀rọ. Mo sì ti ní kó jáde, ó kọ̀."

Báyìí ni Túnmiṣe ṣe di ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n ní gbogbo Sátidé. Bí Ezekiel ṣe ń bá ẹ̀rọ jà, òun a máa máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ sórí ìwé. Nígbà tó jí, fáànù ti kọjú sí i, Ezekiel sì jókòó jẹ́ẹ́ sínú ooru, kò jẹ́ kí irin kan irin.

Òun náà ti rí tirẹ̀. Ìbàdàn ló dàgbà sí, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, ọdún kẹta rèé tó ti kó padà wá tọ́jú ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó ti darúgbó. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì kì í ṣe ìfẹ́ ọmọdé tí ń fò sókè. Ẹ̀pà sísè àti ìsinmi ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, ọmọ yín ò gbọ́ràn lónìí."

"Dókítà ni kò mọṣẹ́."

"Bí mo bá mọṣẹ́, tí mo tún un ṣe tán, ṣé ẹ óò tún máa wá?"

Túnmiṣe bo ìwé tó ń máàkì. "Ẹ má tíì tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́," ló wí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ezekiel wọ bùbá àti ṣòkòtò tó lọ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ kí ìyá Túnmiṣe ní Ìjerò. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá fẹ́ràn ojú rẹ̀, ó bu iyán fún un, ó wá bi í léèrè bí àgbà ti í béèrè: "Ọmọ ta ni ọ́ ní Ẹ̀fọ̀n?"

"Lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo wà, Mà. Ọmọ Ìjerò níbí ni wọ́n. Rebecca lorúkọ wọn."

Ìyá gbé ife omi sílẹ̀. "Rebecca tí Tíṣà máa ń gbé iṣu lọ fún lọ́dọọdún kí àìsàn tó dá a dúró?"

"Wọ́n máa ń sọ ọ́, Mà. Mi ò tíì wálé nígbà yẹn."

"Háà." Ìyá kọjú sí i dáadáa. "Rebecca àti bàbá tó bí Tíṣà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ẹbí ni yín, ọmọ mi. Ẹbí kì í fẹ́ ẹbí nínú ilé yìí, èèwọ̀ ni. Mi ò bínú sí ọ. Jẹun tán kó o tó máa lọ."

Ezekiel kò lè jẹun náà. Túnmiṣe fọ abọ́ kan ṣoṣo títí omi fi tán nínú bàsíà, ó ń sunkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ó ń kọ́ni, ó ń sùn, ó ń jí, kò mọ adùn kankan mọ́.

Ìyá rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níjọ́ kan. "Kí bàbá rẹ tó kú, ó ní ohun tí òun ò lè fẹnu sọ, òun ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Ohun tí Tíṣà bá kọ, èmi á gbà á."

Lọ́jọ́ kejì, Túnmiṣe ti dé ṣọ́ọ̀bù. Ezekiel ti rù.

"Mo rò pé o ò ní wá mọ́," ló wí.

"Ìwé ni mo wá wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n gbàgbé yín."

Ezekiel jókòó ti ẹ̀rọ. Ó mú bébà, ó kọ gbogbo ohun tó ń wọ mẹ́mórì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀.

"Èmi òmùgọ̀! Wò ó, ètò mìíràn ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́. Kì í yọjú rárá. Òun ló jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde."

Ó ní kí ètò fáìlì ṣí ìlẹ̀kùn ìwé náà. Ó lé ti ìtẹ̀wé jáde. Ó wá ní kí ètò fáìlì náà máa lọ, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwé Tíṣà ṣí. Wọ́n wá orúkọ náà títí wọ́n fi rí i:

*Rebecca. Bàbá bàbá mi kọ́ ló bí i. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ bàbá bàbá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á lójú ayé òun.*

Túnmiṣe pariwo, ó dì mọ́ Ezekiel. "A kì í ṣe ẹbí! Ẹ tẹ̀ ẹ́ ká mú un lọ fún Màmá."

Ezekiel dì í mú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Túnmiṣe, ohun kan ṣoṣo ni ìyá ìyá mi, Màmá Àgbà, ń retí báyìí. Pé bí àwọn bá kú, agbo ilé yín á wá gbé àwọn, wọ́n á sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àwọn bí wọ́n ti í sin ọmọ ilé. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ilé yín, ẹbí ni wá. Bí a kì í bá ṣe ẹbí, wọ́n ti di àlejò níbẹ̀." Ó nawọ́, ó pa ẹ̀rọ náà. "Mi ò lè fi sàréè wọn gbéyàwó."

Inú bí Túnmiṣe. Ìfẹ́ ọkùnrin náà sì pọ̀ sí i lọ́kàn rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìyẹn ló tilẹ̀ ń bí i nínú jù.

Síbẹ̀, èèyàn kì í dé ìdí ilé àgbà kó má kí i. Wọ́n bá Màmá Àgbà níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Arúgbó náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ti kà á," ló wí.

Túnmiṣe kúnlẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ."

"Ọmọ mi, ó lé lọ́gọ́rin ọdún tí mo ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ gbé mi lọ sí Ìjerò, mo fẹ́ lọ sí ulé."

Bó ṣe jókòó síwájú ìyá Túnmiṣe, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó sọ ibi tí wọ́n ti bí òun, ó sọ ọjọ́ tí ìyá òun mú òun lọ́wọ́ wọ inú agbo ilé náà, tí ọkọ ìyá òun ní kí òun máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó wá gbójú sókè.

"Ẹ lè fún àwọn ọmọ yìí ní ara wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni wọn óò wá sin mí sí?"

Ìyá Túnmiṣe tún ìró rẹ̀ ró, ó kúnlẹ̀ níwájú àgbà náà.

"Màmá, ta ló bí èmi nínú ulé yìí? Ọmọ Àràmọkọ ni mí. Ẹ̀jẹ̀ wọn kán báyìí kò sí lára mi. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń gbálẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti fi ibi tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ẹ̀jẹ̀. Ìgbéyàwó ló ń wo ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀ kì í wò ó. Bí mo bá wà láyé, èmi ni n ó ṣáájú àwọn tó máa wá gbé yín."

Màmá Àgbà sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ẹ tẹ ìwé náà bó ṣe wà."

Túnmiṣe àti Ezekiel bọ́ síta, wọ́n jókòó sórí pèpéle.

"Ó rẹ̀ mí," ni Túnmiṣe wí.

"Èmi náà. Wá, kó jọ máa rẹ̀ wá nínú ilé kan náà."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó ní Ẹ̀fọ̀n nìyẹn?"

"Bí ẹni tó ti rẹ̀ ṣe ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

"Mo gbà," ni Túnmiṣe wí, ó sì gbé orí lé e léjìká.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn tó ń to àga gbé ti Màmá Àgbà sí iwájú pátápátá láàárín ẹbí ọkọ, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń gbéyàwó. Àgbà náà wo àga ọ̀hún. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra rìn kọjá lójú gbogbo èèyàn lọ sí apá ti ẹbí ìyàwó. Ìyá Túnmiṣe sún fún un, Màmá Àgbà sì jókòó.