Ọmọ Bíbí Inú Ọba Muredak

Ẹ ti fura sí i kí n tó la ẹnu: owú ni. Kì í ṣe ebi, kì í ṣe ogun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun kì í jìnnà sí ilé Ọba Muredak. Owú lásán ni ó mú kí Fiakra, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ó ń yọjú wo bí wọ́n ṣe ń wọṣọ fún ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn náà ni Kolmán, ọmọ àbúrò ọba, tí bàbá rẹ̀ kú sójú ogun. Oṣù mẹ́rin péré ni Fiakra fi jù ú lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń mu wàrà nínú ife méjì tó jọra, Fiakra sì máa ń wò ó dáadáa bóyá ti Kolmán kún ju tòun lọ.

Ní ilẹ̀ Áyálándì nígbà náà, àwọn ọba pọ̀ bí àgùntàn. Òkè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nítorí náà òfin ló ń sọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ a wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, ọmọ ọlọ́lá a wọ pupa, ọmọ ọba nìkan ló sì lè da aṣọ elésè àlùkò bora. Fiakra ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣá, kò sì dé orúnkún rẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń dà bo Kolmán ń kọ mànà, ó balẹ̀ dé kókósẹ̀, wọ́n sì fi wúrà dè é léjìká.

Ìyá Fiakra fúnra rẹ̀ ló ń ya irun Kolmán. Lójijì ó ju òòyà sílẹ̀, ó dì mọ́ ọmọ náà, ó sì bú sẹ́kún. Fiakra rántí ọjọ́ tí òun ṣubú lórí ẹṣin tí eyín òun méjì yọ. Ojú ìyá òun gbẹ lọ́jọ́ náà bí òkúta. Omijé pàápàá, ó jowú rẹ̀.

Ọba ti kéde rẹ̀ fún àwọn ará ilé: Kolmán ń lọ sọ́dọ̀ Ọba Donkad, ọba ńlá tí gbogbo ọba kéékèèké agbègbè náà ń sìn, wọn yóò sì tọ́ ọ níbẹ̀ bí ọmọ. Àṣà wọn ni láti fi ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́. Bí ilé alágbàtọ́ bá ṣe ga tó ni ọmọ ṣe ń ga. Fiakra ńkọ́? Ilé Lasár, ìyàwó olówò bọ́tà kan, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó mọ bọ́tà pò dáadáa.

Lasár náà, tó gbé bọ́tà wá sí ààfin, ló bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyá, ẹ wò ó! Aṣọ mi ni wọ́n wọ̀ fún un."

"Tìẹ kọ́ nìyẹn. Tìẹ wà lọ́rùn rẹ."

"Èyí tó dà bí ìnulẹ̀ yìí?"

"Ìnulẹ̀ kì í pààyàn, ọkọ mi. Lọ jẹun." Ó wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ tèmi o. Ohun tójú rẹ ń rí yẹn, má bá wọn du ú. Bàbá rẹ fẹ́ràn rẹ ju bí o ṣe mọ̀ lọ."

"Ìfẹ́ orí ahọ́n!" ni Fiakra wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó pàdé Kolmán lágbàlá, níbi tí wọ́n ti ń di gàárì mọ́ ẹṣin funfun kan fún un. "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ ọba tuntun! Ṣé ká máa wólẹ̀ fún yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín? Àwa apo-bọ́tà lásán-làsàn!"

"Tó bá jẹ́ tèmi ni, ilé ni ǹ bá jókòó sí."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́! Bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ nígbà náà ká rí i."

Kolmán la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọba dúró sí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Fiakra gbà pé ìgbéraga ni.

Kò pẹ́ ni Lórkan, ìránṣẹ́ Ọba Donkad, gun ẹṣin wọlé pẹ̀lú ọmọ ogun mẹ́wàá. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun ni, ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó mu ọtí àlejò tán, ó béèrè pé, "Kábíyèsí, èwo ni ọmọ yín nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

Ọba Muredak gbé ọwọ́ lé èjìká Kolmán. "Òun nìyí."

Àwọn ará ààfin mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kí Fiakra dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ti sú u. Wọ́n gba aṣọ, ó fara dà á. Wọ́n gba omijé ìyá rẹ̀, ó fara dà á. Ṣé bàbá rẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ gbà lójú ayé báyìí?

"Irọ́ ni!" ó ké, ó sì já wọ àárín agbo, ó kọjú sí Lórkan. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ! Ọmọ àbúrò ọba nìyẹn. Èmi ni ọmọ bíbí inú ọba. Ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

Ojú ọba funfun bí ẹfun. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lórkan kò bi ẹnikẹ́ni. Ojú ọba ti dá a lóhùn.

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni Lórkan wí jẹ́jẹ́. "Olóòótọ́ ni ọ́. Gun ẹṣin."

Àwọn ọmọ ogun mẹ́wàá náà ti yí Fiakra ká. Wọ́n bọ́ aṣọ àlùkò lọ́rùn Kolmán, wọ́n dà á bo Fiakra. Bí wọ́n ti ń jáde, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ figbe ta. Inú rẹ̀ dùn: ó ku díẹ̀ kí wọ́n tó mọyì òun!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó jókòó níbi àsè ní ààfin Donkad, ó gbé orí sókè, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ kan ni ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ àlùkò bíi tirẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè lẹ́sẹ̀.

"Kí ni ìyẹn jí?" ó bi Lórkan.

"Kò jí nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ló bá wa mulẹ̀, tó sì dalẹ̀. Ìdógò ni, bíi tìẹ. Ọ̀la ni wọn yóò pa á."

"Bíi tèmi kẹ̀? Wọ́n ní ẹ fẹ́ tọ́ mi ni!"

Lórkan wò ó, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Wọn kò sọ fún ọ? Bàbá rẹ búra pé òun kò ní gbógun sọdá odò wa mọ́. Ìwọ ni ìbúra náà."

Ẹran di òkúta lẹ́nu Fiakra. Ìgbà náà ni ó yé e ìdí tí ìyá rẹ̀ fi sunkún lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ, àti ìdí tí bàbá rẹ̀ fi pe ọmọ ẹlòmíràn ní tirẹ̀. Ìwà ìkà ni bàbá rẹ̀ fẹ́ hù sí Kolmán, nítorí ìfẹ́ òun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí i: onílara a máa ka ohun tí wọ́n fún ẹnìkejì rẹ̀, kì í béèrè ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wádìí ẹrù kí ẹ tó du ú gbé.

Síbẹ̀, Fiakra rí ìrètí kan dì mú. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló wà níbí, bàbá òun kò jẹ́ gbógun láéláé.

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n mú un lọ ni Ọba Muredak ti rán àwọn ẹlẹ́ṣin pé kí wọ́n lọ dá àwọn jagunjagun òun padà. Ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun náà ti sọdá odò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí Lórkan tó wọ àgbàlá.