Oorun tí Àrìmíyàù Fi Sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Tí ẹ bá dé ọjà Adjamé ní Abidjan láàárọ̀, ẹ ó bá Àlàájì Àrìmíyàù níwájú ìsọ̀ ìkòkò rẹ̀, tí ó ń tòògbé bí ẹni tó ṣọ́ ọjà mọ́jú. Àwa tí a jọ ń tajà a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Àlàájì gun àkàbà láti to ìkòkò irin sórí pẹpẹ. Àdìzátù, ìyàwó rẹ̀, dúró nísàlẹ̀, ó ń na ìkòkò sí i. Lórí àkàbà níbẹ̀ ni oorun ti gbé bàbá lọ. Ìkòkò ńlá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lulẹ̀ gbàà! Díẹ̀ ló kù kó ba obìnrin náà lórí.

"Bàbá Kadidja, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Àlàájì sọ̀kalẹ̀, ó gbé ìkòkò náà nílẹ̀. "Ìyá Kadidja, má bínú. Abidjan yìí ò jẹ́ n sùn. Oorun mi ti kù sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màá ra oògùn oorun lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri oògùn nínú ọjà yìí."

Raliatou, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní àdúgbò Williamsville, tó sì máa ń pè é ní Tonton, ti wá ra ìkòkò, ó sì gbọ́.

"Tonton, oògùn ojú ọ̀nà, c'est pas bon du tout, kò dáa rárá! A ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe ń sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Ojú Àlàájì rọ̀. "Háà, Ralia! Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, ìyá wa ti fún wa lẹ́kọ. Bàbá wa kì í jẹ́ ká fẹnu kan obì. Tá a bá ti kírun Ìṣáì, a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá wa á fẹ́ fìtílà pa, torí kẹrosíìnì wọ́n. Màá máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn àgbà nínú yàrá. Kí ẹ̀rín yẹn tó parí, mo ti sùn lọ."

Omi lé sí mi lójú níbi tí mo ti ń gbọ́ wọn ní ìsọ̀ tèmi, torí láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti mú èmi náà wá.

"Abidjan ńkọ́?" Raliatou bi í.

Àdìzátù ló dáhùn. "Bàbá Kadidja á sùn ní ìsọ̀ títí di seize heures, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á jẹun ní vingt-deux heures, aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á jẹ obì, wọ́n á mu ataya, tíì líle yẹn. Wọ́n á wá gbé portable, fóònù wọn, dání lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní Cotonou, ní Kumasi, á jọ máa sọ ìtàn ìgbà èwe kọjá minuit, aago méjìlá òru."

"Àárò ilé ló ń sọ mí," ni Àlàájì wí jẹ́ẹ́.

"Tonton, Abidjan kọ́ ló gba oorun yín," Raliatou fèsì. "Ẹ̀ ń rántí ìlú yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ti pa ìṣe ibẹ̀ tì. Iná portable ń tan ọpọlọ jẹ, ó rò pé ilẹ̀ ò tíì ṣú. Obì àti ataya ń lé oorun, ẹ fi wọ́n mọ sí àárọ̀. Ẹ tètè jẹun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án, vingt minutes, ogún ìṣẹ́jú, ti tó. Ẹ máa sùn, kẹ́ ẹ sì máa jí lákòókò kan náà lójoojúmọ́."

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ńkọ́?"

"Ẹ máa pè wọ́n lẹ́yìn ìrun Àsárì."

Kò rọrùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Àlàájì kàn ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun ló ń ṣí ìsọ̀ ṣáájú wa. Tó bá ti kírun Àsárì, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sínú fóònù, gbogbo wa a sì gbọ́ ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò sùn lè ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó sì lè ṣe ẹni tó fẹ́ràn jù léṣe. Ẹ pa iná, ẹ fi fóònù sílẹ̀ síta yàrá, ẹ má sì lo oògùn oorun tí dókítà kò kọ fún yín. Bí oorun bá ń sá fún yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹ ń hanrun tí èémí ń gé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé tí ọkàn yín ń fà sí, ẹ pè é lọ́sàn-án. Ẹ fi òru sílẹ̀ fún oorun.